Òkè Tí A Kò Gùn ní Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Kabba, ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òbí yóò wọ bàtà fún ọmọ láàárọ̀ Sátidé, tí yóò gbé e sínú ọkọ̀, tí yóò sì sanwó lẹ́nu géètì kí ọmọ náà lè lọ fò sókè sódò lórí rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, màá ní ibà ló ń ṣe onítọ̀hún. Fífò sókè sódò kẹ̀? Ọ̀fẹ́ là ń fò tiwa. Ẹni tó bá sì fò jù, ìyá rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó máa gbé fún un tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ayé ìgbà yẹn. Òjò ni, oko ni, ẹrẹ̀ ni. Bí ilé ìwé bá ti padé báyìí, ọkọ́ la máa bá pàdé. A ó jí lówùúrọ̀, ìrì á ti rin ewéko dé orókún, a ó tò tẹ̀ lé bàbá wa lọ sí oko bíi pépẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ìgbádùn náà wà ńbẹ̀ o. Àgbàdo tútù tí a sun nínú eérú gbígbóná, tí a fi ẹnu fẹ́ títí ètè á fi dúdú. Awùsá tí ìyá wa bọ̀ tèèpo tèèpo, tó jẹ́ pé bí o bá jẹ ẹ́ tán tí o mu omi, omi náà á korò lẹ́nu rẹ bí ewúro. Iyèyè tó ń já bọ́ lóru tí a máa ń sáré lọ ṣà kí ewúrẹ́ tó dé ibẹ̀. Ní ọ̀sán tí òjò bá dá, a ó jáde sí ojúde, a ó ta òkòtó, a ó fò nínú omi ẹrẹ̀, a ó sì jẹ igbájú lórí ẹ̀.

Nínú gbogbo ọmọ ilé wa, èmi ni ẹnu mi yá jù. Rédíò ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ Dúpẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Ìyá mi ní kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ burú, pé ibi tí wọ́n ti ń pa mí ni ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Kò sí ohun tí n kò mọ̀, kò sì sí ibi tí n kò dé rí, lẹ́nu ni o. Bí ẹnì kan bá ní òun rí ejò, èmi ti rí èyí tó jù ú lọ lánàá. Mo bá ẹnu náà dàgbà títí di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìgbà yẹn ni Fúnkẹ́ sì ti Kàdúná dé.

Fúnkẹ́ jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Báyọ̀. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì fojú kan ara wa rí, nítorí bàbá rẹ̀ kò wá sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò pamọ́, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bàbá tó bí òun àti bàbá mi kú, ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Báyọ̀ tó dé láti Kàdúná. Àwọn àgbà ẹbí bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú láàárín èrò, wọ́n ní ọmọ tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ bo ojú rẹ̀ kí òun tó dé. Báyọ̀ yí padà. Ó wọ ọkọ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ ṣáá, àlùbọ́sà lápò lápò, ìrẹsì, aṣọ Kérésì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò yọjú. Ìyá tó bí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Iye, á gba àpò àlùbọ́sà náà lọ́wọ́ awakọ̀, á dúpẹ́, á wá jókòó tì í. Ó ti sọ lójú mi rí pé, “Àpò àlùbọ́sà kì í pe ènìyàn ní ìyá.”

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá Fúnkẹ́ fẹ́ bímọ, ara rẹ̀ kò sì le. Kò sí ẹni tó máa mójú tó Fúnkẹ́ lọ́hùn-ún, ni wọ́n bá fi í lé awakọ̀ tó máa ń ná Kàdúná sí Kabba lọ́wọ́, pé kó mú un wá fún Iye, kó sì wá mú un padà bí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé. Ẹ bá mi wo Iye lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń kérora ìrora ẹsẹ̀ láàárọ̀ ni mo rí tó ń jó ní ìrọ̀lẹ́. Ó pa adìyẹ. Ó gún iyán iṣu tuntun, iyán funfun báláú tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Fúnkẹ́ fi ìka kan tọ́ ọ wò.

Ní ọjọ́ kẹta tí Fúnkẹ́ dé, ó gbé àpótí rẹ̀ síta, ó jókòó lé e, ó bú sẹ́kún. Òun fẹ́ máa lọ sílé. Iye ní kí ló dé. Ó ní kò sí ibi tí èèyàn ń lọ nílùú yìí. Ní Kàdúná, bí ìsinmi bá dé, wọ́n máa ń mú àwọn lọ wo kìnnìún àti ọ̀bọ nínú ọgbà. Àwọn máa ń gun jangilófà onírin. Wọ́n máa ń ra áyísìkiriìmù fún àwọn, wọ́n sì máa ń ya fọ́tò àwọn lórí ẹṣin. “Wallahi, kò sí nǹkan kan níbí,” ló wí, “àfi òjò.”

Èmi tí mo dúró tì wọ́n, inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Ṣé Kabba ló ń sọ̀rọ̀ sí báyìí? Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Iye fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó fà mí wọ inú ilé ìdáná, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe rí.

Ó ní, “Dúpẹ́, ìwọ lo lẹ́nu nínú ilé yìí. Bí ọmọ yìí bá délé tó ní òun kò tún dé Kabba mọ́, bàbá rẹ̀ ti rí àwáwí tó ń wá nìyẹn. Mo fẹ́ fi ojú mi rí Báyọ̀ kí n tó kú. Wá nǹkan ṣe kí ilé yìí wu ọmọ náà.”

Ẹ gbọ́, ẹni tí wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ronú? Èmi kò ronú o. Mo lu àyà, mo ní, “Iye, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.”

Ọgbà ẹranko ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní bí Kàdúná bá ní tiwọn, àwa náà máa ní. Mo kó gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà lẹ́yìnkùlé wa jọ. Mo so òbúkọ Iye mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo da agbọ̀n bo pépẹ́yẹ méjì. Tòlótòló bàbá mi, tó jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àgbà, mo fi àgbàdo tàn án dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo wá mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání bíi tíṣà, mo ní kí Fúnkẹ́ máa bọ̀ wá wo ohun ìyanu.

Mo na igi sí òbúkọ, mo ní, “Àgbọ̀nrín nìyí o, láti igbó Bùnú ni wọ́n ti mú un wá.”

Fúnkẹ́ wò ó. Ó ní, “Òbúkọ ni.”

Mo ní kò wò ó dáadáa ni. Mo kọjá sọ́dọ̀ tòlótòló, mo ní èyí ni ògòǹgò, ọba ẹyẹ, pé ó mọ̀ mí, pé kò sí ohun tí mo máa fi ṣe é tó máa bínú. Kí ó lè gbà mí gbọ́, mo fi igi kan náà kàn án ní ìdí.

Kò sí ẹni tó sọ fún tòlótòló pé eré là ń ṣe. Ó fẹ ìyẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ké kulúkulú, ó sì gbá tọ̀ mí. Mo sáré yí òbúkọ ká, òbúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, okùn rẹ̀ bá kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ibi tí mo wá balẹ̀ sí ni inú agbada ńlá tí ìyá mi rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún fùfú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀gẹ́ tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi, ẹ mọ òórùn tí mò ń sọ. Ọṣẹ dúdú kò ran án. Ewé ẹfinrin kò ran án. Títí di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tó jókòó nítòsí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń yíjú síbòmíràn.

Ìyá mi fún mi ní ìdọ̀bálẹ̀ ìka kan, ẹ rántí ìyà yẹn: kí o bẹ̀rẹ̀, kí o fi ìka kan kanlẹ̀, kí o gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Orí ìka ni mo wà tí Fúnkẹ́ fi wá bá mi, ó sì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, ní Kàdúná, inú irin ni wọ́n máa ń ti àwọn ẹranko mọ́.

Èmi tí mo wà lórí ìka, mi ò gbà pé ó ti tán. Ibẹ̀ ni mo ti jágbe pé, “Ta ló ń wo ẹranko? Èmi máa mú ọ gun òkè!”

Òkè àpáta kan wà lẹ́yìn ìlú tí a máa ń wò láti ojúde wa. Mo sọ fún Fúnkẹ́ pé láti orí rẹ̀, èèyàn ń rí gbogbo Kabba bí ẹni ń wo oúnjẹ nínú abọ́, pé gbogbo Sátidé ni mo ń gùn ún, pé mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Irọ́ funfun báláú. N kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ ìdí òkè náà rí, ká má tíì sọ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú Fúnkẹ́ tàn. Ó béèrè bóyá a máa rí odò níbẹ̀. Mo ní odò kẹ̀, a máa rí Lọ́kọ́jà.

Lọ́jọ́ tí a máa lọ, Iye bọ àgbàdo fún wa, ó pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ìyá mi sọ gbólóhùn kan péré kí a tó jáde: “Ẹni tí ẹ bá rí, ẹ kí i o.”

Gbólóhùn yẹn ló bà mí jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, “okun” la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà la fi ń kí ẹni tó jókòó, ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá gba iwájú àgbà kọjá láìkí i, ẹjọ́ rẹ̀ máa délé ṣáájú rẹ̀. Lójoojúmọ́, kò ṣòro. O ó ní “okun o”, wọ́n á dá ọ lóhùn, o ti lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo mú àjèjì dání.

A kò tíì rìn jìnnà tí a fi dé iwájú ìyá kan tó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kí i. Fúnkẹ́ náà kí i, ó fa “okun” náà gùn bí ẹni ń kí ará Hausa. Ìyá náà gbójú sókè. “Ọmọ ta lèyí?” Mo ní ọmọ Bọ̀dá Báyọ̀ ti Kàdúná ni. Háà! Ìyá da igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Báyọ̀ wo? Báyọ̀ tèmi? Báyọ̀ tí mo pọ̀n?” Ó di mọ́ Fúnkẹ́, ó pe aládùúgbò, aládùúgbò pe ọmọ rẹ̀, kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé àga, wọ́n ti gbé iyán kalẹ̀.

Mo sọ fún Fúnkẹ́ létí pé, a kì í kọ oúnjẹ ẹbí, pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ẹbí náà ló kọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ ni. Ìdajì kejì, tí ìyá mi ti fà mí létí kọ́ mi, ni pé òkèlè kan tàbí méjì ni ọmọlúàbí ń jẹ nílé onílé, á dúpẹ́, á dìde. Ìyẹn ti tó, wọ́n ti mọ̀ pé o kò kọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Iyán iṣu tuntun ló wà níwájú mi, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, iyè mi bá rá. Mo jẹ ẹ́ tán. Fúnkẹ́ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má máa jẹun kiri, òkèlè méjì ló mú, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Ẹ wo ọmọ Kàdúná tó lẹ́kọ̀ọ́!” Wọ́n wá wo èmi tí mò ń lá ọwọ́. Wọ́n kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Ilé kejì, àgbàdo sísun àti ẹ̀wà. Ilé kẹta, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ṣì ń rú nínú ewé. Ilé kẹrin, iyán mìíràn. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, igbe kan náà: “Ọmọ Báyọ̀!” Ní ilé kọ̀ọ̀kan, Fúnkẹ́ mú òkèlè méjì, èmi parí ìyókù kí oúnjẹ má bàa ṣòfò. Oòrùn ti dé àtàrí kí a tó kúrò láàárín ìlú. Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má bàa rí wa, àwọn tó ń fọṣọ lẹ́yìn ilé rí wa.

Nígbà tí a fi dé ìdí òkè, ikùn mi ti ń ṣáájú mi bọ̀. Mo gbójú sókè wo àpáta náà. Ó ga o. Láti ojúde wa, kò ga tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, mo bá rọra dùbúlẹ̀ sórí àpáta bí aláǹgbá.

Fúnkẹ́ dúró lé mi lórí. “Ṣebí gbogbo Sátidé lo ń gùn ún?”

Mo ní, “Òní kì í ṣe Sátidé.”

Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni òjò dé, òjò ńlá, tó ń rọ̀ bí ẹni ń dà á. Fúnkẹ́ ló gbé kẹ́ẹ̀gì, òun ló gbé àgbàdo, òun náà ló gbé apá mi kọ́ ọrùn. Ọmọ tí mo fẹ́ fi ìlú hàn ló ń wọ́ mi nílẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀, tí mò ń ké pé “ikùn mi o, ikùn mi o” bí obìnrin tó ń rọbí. Ilé àkọ́kọ́ tí a rí la yà sí.

Ilé Bàbá Sámúẹ́lì ni, bàbá àgbà kan tó ń hun agbọ̀n. Ó fún omi ewúro fún mi mu, ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó wá yíjú sí Fúnkẹ́, ó wo iwájú orí rẹ̀ títí. Kò béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó ní, “Báyọ̀ rèé.”

Ó jókòó tì í, òjò ń rọ̀ lórí páànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn. Ó ní òun àti Báyọ̀ jọ ń ṣe oko ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ju Báyọ̀ lọ dáadáa. Ó ní òkè tí a fẹ́ gùn yẹn, Báyọ̀ náà gùn ún rí. Ó dé ìdajì, òòyì bá ń kọ́ ọ, ó di igi mú, ó ń ké pe ìyá rẹ̀, òun ló gbé e pọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Fúnkẹ́ lanu sílẹ̀. Bàbá tirẹ̀? Bàbá tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ ní pálọ̀, gbogbo ọmọ á dákẹ́? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé, a kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Èmi tí mo dojú bolẹ̀, owú jẹ mí díẹ̀, nítorí mo ti subú sínú ẹ̀gẹ́ nítorí ẹ̀rín yẹn, n kò rí i.

Nígbà tó wá rẹ́rìn-ín tán, bàbá náà sún mọ́ ọn. Ó ní, “Ọjọ́ tí bàbá rẹ fi pẹ́ dé ibi òkú, mo rí i. Mọ́tò wọn ló bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn débí, ẹrẹ̀ mù ún dé orókún. Kò sí ẹni tó bi í. Ibà dá mi dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n tó dìde láti lọ sọ fún àwọn àgbà ẹbí, ó ti lọ. Mo ti ń retí kó wá, kí n lè sọ fún un pé mo mọ̀.”

Fúnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí òjò dá, a lọ sílé, ó sì ń sáré rìn níwájú mi. Mo rò pé ìsinmi ti bàjẹ́ pátápátá. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún Iye.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹnì kan ń jí mi. Fúnkẹ́ ni, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà. Ó ní kí n dìde, pé ó ku àwọn ilé tí a kò tíì kí. Láti ọjọ́ náà, ibi tí à ń lọ nìyẹn. Ìta kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ó fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bàbá rẹ̀: igi tó jábọ́ láti orí rẹ̀, ẹ̀fọ́ tó kórìíra, ọmọbìnrin tó sá fún nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òkè kò wá sí i lẹ́nu mọ́, èmi náà kò sì rán an létí.

Nígbà tí ilé ìwé kù díẹ̀ kó wọlé, awakọ̀ dé láti mú un. Ìyá rẹ̀ ti bímọ láyọ̀. Iye ti di ẹ̀rù rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Fúnkẹ́ jókòó sórí àpótí kan náà tó fi sunkún, ó ní òun kò lọ. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́, bàbá mi halẹ̀ mọ́ ọn, Iye fẹ́ràn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè fi hàn. Fúnkẹ́ ní, “Bàbá mi ló máa wá mú mi fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹnì kan wà ní Kabba tó mọ̀ pé mọ́tò ló bàjẹ́.”

Awakọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. A kò mọ ohun tó máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Iye kò jẹun dáadáa ní gbogbo ọjọ́ tí a fi dúró. Bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀, á na ọrùn, á tún fà á padà.

Ọjọ́rú ló dé. Ọkùnrin gíga kan sọ̀kalẹ̀ lójúde, ó gbé ọmọ tuntun mọ́ àyà, ìyá Fúnkẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò gbé àlùbọ́sà kankan dání. Iye jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò lè dìde. Ọkùnrin náà gbé ọmọ náà lé Iye lẹ́sẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

Iye ní, “Okun, Báyọ̀.” Ó na ọwọ́ kan sí i. “Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù.” Ó wá bú sẹ́kún, bàbá mi náà sunkún, èmi náà sunkún tẹ̀ lé wọn, mo tilẹ̀ ké ju gbogbo wọn lọ.

Ó lo ọ̀sẹ̀ kan. Fúnkẹ́ ló dì í lọ́wọ́ mú lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sámúẹ́lì, àwọn méjèèjì nìkan ló lọ, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí tó sọ̀rọ̀ sí i nígbà náà wá fúnra wọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Èmi wá lọ dúró síwájú Iye, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ní ṣé ó rí i, ṣé n kò sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ fún mi?

Iye wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Òótọ́ lo sọ. Ikùn rẹ ló mú ọmọ mi wálé.” Láti ọjọ́ náà, Rédíò kú, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè mí, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti òde òní. Àbújá ni mò ń gbé. Mo ní ọmọ mẹ́ta. Bí ìsinmi bá dé, mo ní ohun gbogbo tí Fúnkẹ́ ń sunkún fún: ọgbà tí wọ́n ti ń gun jangilófà, odò inú ilé tí omi rẹ̀ búlúù bí aró, áyísìkiriìmù oríṣiríṣi. Mo máa ń gbé wọn lọ. Kí a tó dé ẹnu géètì, ọ̀kan á ti máa béèrè ìgbà tí a máa padà sílé, èkejì ń wo fóònù. Wọn kò mọ orúkọ ará ilé tó fara kan tiwa. Èmi náà, kí n má parọ́, n kò mọ̀ ọ́n.

Fúnkẹ́ ńkọ́? Kabba ló ń gbé. Ó ti di tíṣà níbẹ̀, inú ilé Iye ló wà, òun ló sì bá wa sin Iye nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Èmi ọmọ onílùú, èmi tí mo fẹ́ jà nítorí Kabba, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń débẹ̀, bí ọ̀nà bá dára. Àwọn ọmọ mi ló máa ń lọ lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Ògún tó kọjá, mo lọ kó wọn. Èmi àti àbíkẹ́yìn mi jáde lọ ra búrẹ́dì, ìyá kan sì jókòó níwájú ilé rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo tẹríba, mo ní, “Okun o, ìyá.” Ó dá mi lóhùn, ó ń wojú mi. Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo sọ orúkọ bàbá mi. Ó ní kí n má bínú, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ni àbíkẹ́yìn mi bá yọrí lẹ́yìn mi, ó ní “okun o, ìyá.” Ìyá náà hó yèè. “Ọmọ Fúnkẹ́!” Ó gbá a mọ́ra, ó fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí, ó ń bi í léèrè bóyá ó ti jẹun.

Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ló tó rántí pé mo ṣì wà lórí ìdúró. Ó na ọwọ́ sí àga kan lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Àlejò, ẹ má bínú. Ẹ jókòó.”